Òdòdó Ẹ̀yìn Sítóòfù

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Aránṣọ àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi wá táìsì tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn sítóòfù, wọn ò sì rí èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Kì í ṣe pé táìsì wọ́n. Ó kún ìsọ̀ bámúbámú: funfun, dúdú, aláwọ̀ ewé, èyí tó ń dán bíi dígí àti èyí tó rí hágahàga lọ́wọ́. Ohun tó wá yani lẹ́nu ni pé ẹni tó ń wá táìsì ọ̀hún kiri, iṣẹ́ táìsì gan-an ló ń ṣe jẹun.

Gúnrégé ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé bó bá ti parí ògiri kan, yóò fà sẹ́yìn, yóò di ojú kan, yóò ní, "Ó gún régé." Ọkùnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbi tí ọmọ ti ń sùn lọ. Aránṣọ ní tirẹ̀ ga gbọọrọ. Bí àwọn méjèèjì bá ń lọ ní títì, àwọn èèyàn a máa yíjú wò wọ́n títí wọn á fi fẹsẹ̀ kọ. Ìyẹn ò dun Aránṣọ. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ti bá ọkùnrin gíga pàdé rí, ó sì mọ ohun tí ìyẹn fi gíga rẹ̀ ṣe.

Ẹni tó dùn ni ìyá rẹ̀. Ìyá náà a ní, "Ọkùnrin tó jẹ́ pé orí ìkúnlẹ̀ ló ń wà nínú ilé ìdáná àwọn obìnrin ẹlòmíì láti àárọ̀ dalẹ́, bó bá sì dìde, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tó kúnlẹ̀. Òun náà lo fẹ́ fẹ́?"

Àbúrò ìyá yìí, tí Aránṣọ ń pè ní Àǹtí, ló ń ṣe alárinà. Òun ló bẹ ìyá títí ìyá fi gbà pé òun ò ní kọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ní òun ò ní dá ọjọ́ ìgbéyàwó kankan títí òun á fi fojú ara òun rí ilé tí wọ́n fẹ́ kó ọmọ òun sí, ilé tó ti parí, tí kò ku nǹkan kan. Gúnrégé kun ilé, ó tẹ́ ilẹ̀, ó fi fèrèsé sí i. Ó wá ku ẹ̀yìn sítóòfù nìkan. Gbogbo ìgbéyàwó náà wá dúró de ògiri kan ṣoṣo.

"Èyí ńkọ́?" Aránṣọ gbé táìsì aláwọ̀ eérú kan sókè nínú ìsọ̀.

Gúnrégé fi àtàǹpàkò nù ún. "Epo á mú un."

"Èyí?"

"Iná á fọ́ ọ kó tó pọ́dún."

"Èyí aláwọ̀ ewé yìí wá ńkọ́? Ó wù mí gan-an."

Ó wò ó pẹ́. "Ó dáa o. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ń wò ó lójoojúmọ́, á sú u."

"Èmi ni mo ní ó wù mí, ìwọ lò ń sọ pé á súni!"

Gúnrégé rẹ́rìn-ín, ó dá a padà sínú páálí. Aránṣọ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Bí wọ́n ti ń lọ sílé, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọkùnrin tó ń bá gbogbo ayé yan táìsì láàárín wákàtí kan, kí ló dé tó jẹ́ pé tiwa nìkan ló le? Àbí kò fẹ́ kí ilé náà parí ni?

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ló gbé aṣọ tuntun lọ fún Apòògùn. Obìnrin yìí ló ni ilé oògùn tó wà ní ìkóríta. Kò ga, ó mọ́ tónítóní, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán, òun nìkan ló sì ń dá gbé látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kó ẹrù lọ. Ó ti pẹ́ tí Aránṣọ ti ń ránṣọ fún un, ṣùgbọ́n yàrá àlejò ni wọ́n máa ń parí ọ̀rọ̀ wọn sí. Lọ́jọ́ yẹn, omi tí Apòògùn fẹ́ bù fún un mu ló gbé wọn dé ilé ìdáná. Bí Aránṣọ ti gbójú sókè báyìí, ó rí ògiri ẹ̀yìn sítóòfù. Táìsì aláwọ̀ sánmà ni, òdòdó funfun ńlá kan wà láàárín rẹ̀, ó sì dojú kọ Apòògùn gbọnrangandan.

"O rí i, àbí?" Inú Apòògùn ń dùn. "Ọ̀gá kan tí wọ́n ń pè ní Gúnrégé ló ṣe é. Kó tó lẹ ẹyọ kan, ó ní kí n wá dúró níwájú sítóòfù bí ẹni tó ń sebẹ̀. Ó wo ojú mi, ó fi pẹ́ńsù sàmì sára ògiri níbi tí ojú mi mọ, ibẹ̀ ló gbé ọkàn òdòdó sí. Ó ní ẹni tó máa dúró níbẹ̀ ló ni ògiri. Aránṣọ mi, ọkọ tí mo bá gbé fún ọdún mọ́kànlá ò wo ojú mi báyẹn rí."

Ó yẹ kí Aránṣọ sọ pé, "Àfẹ́sọ́nà mi nìyẹn." Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ṣé ó ti pẹ́ tó ti ṣe é, mà?"

"Ó ti tó oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n ó padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Táìsì kan ló sán." Apòògùn fọwọ́ kan ibì kan nísàlẹ̀ ògiri, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, kì í ṣe sí Aránṣọ.

Ẹ̀rín yẹn tẹ̀ lé Aránṣọ délé. Nígbà tí Gúnrégé yà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò jẹ́ kó tíì jókòó dáadáa.

"Apòògùn tó wà ní ìkóríta yẹn, oníbàárà rẹ ni?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"O ò sọ fún mi."

"Ṣé gbogbo ògiri tí mo bá ṣe ni màá máa sọ?"

"Ó rẹwà, àbí?"

"Ògiri yẹn? Ó gún régé."

"Mi ò bi ọ́ nípa ògiri."

Gúnrégé họ orí. "Mi ò wo ojú rẹ̀ ju bí mo ṣe máa fi pẹ́ńsù sàmì lọ."

"Táìsì tó sán ńkọ́?"

Ibẹ̀ ló ti dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ò pẹ́, ẹlòmíì lè má tiẹ̀ kíyè sí i, ṣùgbọ́n Aránṣọ gbọ́ ọ ketekete. "Mo tún un ṣe," ni Gúnrégé wí, ó sì béèrè bóyá ó ti jẹun.

Aránṣọ ń jowú, ká má purọ́. Ó jowú débi tó fi ran apá aṣọ oníbàárà kan mọ́ ibi ọrùn. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé látìgbà tí wọ́n ti ń múra ilé wọn, Gúnrégé ò tíì ní kó wá dúró níwájú sítóòfù lẹ́ẹ̀kan rí. Ojú obìnrin tó sanwó fún un, ó wò ó fínnífínní. Ti òun tó fẹ́ fẹ́, kò tíì wò ó.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ kan, Àǹtí já wọlé tòun ti ẹ̀rín. "Ó ti rí táìsì! Ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pàápàá! Ó ní kí ìyá rẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kí ìwọ má tíì débẹ̀ o, kí gbogbo yín lè jọ rí i lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ó lẹ̀ ẹ́ láì pè mí kí n wá dúró?"

"Kó o dúró ṣe kí ni?"

Aránṣọ ò lè ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun, ó lọ.

Táìsì náà dára. Àní ó dára débi pé inú tó ń bí i bọ̀ láti ìsọ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ rí bíi ti mílíìkì. Mẹ́sàn-án nínú wọn para pọ̀ di òdòdó pupa kan, ọkàn rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin. Aránṣọ sún mọ́ sítóòfù, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ ro nǹkan lórí iná, ó wo iwájú.

Ọkàn òdòdó kò dojú kọ ọ́. Ọ̀fun rẹ̀ ló dojú kọ. Ó ní láti tẹ orúnkún wálẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó bá a mu, bó bá sì ti nàró báyìí, òdòdó a wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Gúnrégé kì í ṣi àmì ojú ṣe.

Ó fa téèpù tó wà lọ́rùn rẹ̀ yọ. Ó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ọkàn òdòdó: ínṣì méjìdínlọ́gọ́ta. Ó mú ìwé ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀ jáde nínú báàgì, ó ṣí i. Apòògùn, láti èjìká sílẹ̀, mọ́kànléláàádọ́ta. Láti èjìká sí ojú, ọdún méjìlá nídìí iṣẹ́ ti kọ́ ọ pé méje ni. Ó rò ó pọ̀. Ó tún un rò. Kò yéé jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta.

Ilé tèmi, ni ó ń sọ lọ́kàn rẹ̀. Ilé tí ìyá mi ń bọ̀ wá wò lọ́la. Ojú obìnrin mìíràn ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀. Òòlù Gúnrégé wà nílẹ̀ láàárín irinṣẹ́ rẹ̀ yòókù. Aránṣọ gbé e, ó sì gbá òdòdó náà lọ́kàn. Nígbà tó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta, ọkàn òdòdó já bọ́ sórí sítóòfù.

Ká ní ibẹ̀ ló dúró, ì bá sàn. Ó bọ́ síta, ó di ilé oògùn. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń húkọ́, ìyá arúgbó kan náà ń dúró de oògùn ẹsẹ̀.

"Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀!"

Apòògùn gbójú sókè. "Ọkọ ta ni?"

"Gúnrégé! Ojú yín ló wà lára ògiri mi!"

Ọkùnrin tó ń húkọ́ gbàgbé ikọ́ rẹ̀. Apòògùn fi ìgò ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Aránṣọ," ni ó wí, "mi ò mọ̀ pé ọkọ rẹ ni."

Kò ní irọ́ ni. Kò bínú. Kò tiẹ̀ ní kí ló dé. Ó tó Aránṣọ ní ẹ̀rí. Ilé Àǹtí ló lọ tààrà, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò ṣe mọ́. Kò gbọdọ̀ wá síbi tí mo bá wà." Ó bú sẹ́kún, ó ti ara rẹ̀ mọ́ ìsọ̀.

Kò ju wákàtí kan lọ tí Àǹtí fi padà wá, Gúnrégé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ apá rẹ̀, ó di àfọ́kù táìsì kan mọ́wọ́.

"Ojú ta lo rò pé ó wà níbẹ̀?" ni ó bi í. Kò pariwo.

"Ti Apòògùn. Mo wọ̀n ọ́n. Ó bá ìwé mi mu."

"Àwọn wo ló wà nínú ìwé yẹn?"

"Gbogbo oníbàárà mi."

"Ọkùnrin ńkọ́?"

Kò sí. Aṣọ obìnrin nìkan ni Aránṣọ ń rán.

Gúnrégé yọ téèpù kúrò lọ́rùn Aránṣọ, ó fẹsẹ̀ tẹ etí rẹ̀ kan mọ́lẹ̀, ó fa ìyókù sókè dé ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀. "Kà á," ni ó wí. Omi ti kún ojú Aránṣọ, kò rí nọ́ńbà kankan. Àǹtí ló sún mọ́ ọn.

"Méjìdínlọ́gọ́ta," ni Àǹtí wí.

"Èmi ni mo fẹ́ máa dúró níbẹ̀," ni Gúnrégé wí. "Ìwọ tó jẹ́ pé ìdí ẹ̀rọ lo máa ń wà títí ẹ̀yìn á fi máa dùn ọ́, tó o bá sì wá gbé ìkòkò kaná, gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀ pé ó ti jóná. Ta lo rò pé ó máa máa sè é? Mò ń wá táìsì tí mo lè máa wò lójoojúmọ́ tí kò ní sú mi. Ohun tí mo fi oṣù mẹ́rin wá nìyẹn."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ, kí ìyá rẹ wá gbọ́? Wọ́n ti ní mi ò ga tó. Kí wọ́n tún wá gbọ́ pé èmi ni màá máa dáná, ṣé wọ́n á fún wa lọ́jọ́? Mo ní tí a bá ti ṣègbéyàwó tán, wàá kàn máa bá oúnjẹ lórí tábìlì ni." Ó wo àfọ́kù ọwọ́ rẹ̀. "Mẹ́sàn-án péré ló kù nínú ìsọ̀. Kò sí irú rẹ̀ mọ́."

"Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

"Inú ń bí mi. Kì í ṣe torí táìsì. O lọ dójú ti obìnrin yẹn níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Lọ bẹ̀ ẹ́ ná kó o tó bẹ̀ mí."

Apòògùn ti tètè ti ilé oògùn lọ́jọ́ náà. Nínú ilé ìdáná rẹ̀ ni Aránṣọ bá a, ó jókòó, kò ṣe nǹkan kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ foríjì mí. Mo ṣìṣe. Kò sí nǹkan kan láàárín ẹ̀yin àti òun, mo ti mọ̀ báyìí."

"Kò sí lóòótọ́." Apòògùn fa àga kan fún un. "Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kó o máa bẹ̀ mí bí ẹni pé ọwọ́ mi mọ́. Táìsì tó sán yẹn, kò sán fúnra rẹ̀. Èmi ni mo fi ọmọ odó gbá a."

"Kí ló dé?"

"Kó lè padà wá."

"Ìgbà kejì ńkọ́?"

"Èmi náà ni. Ó wo ibi tó fọ́, ó wò mí. Ó ní, 'Ẹ má fọ́ ọ mọ́, mà. Ó dára kọjá ohun tó yẹ kéèyàn fọ́.' Ó tún un ṣe, kò gbowó, kò sì padà wá mọ́. Ṣé ó sọ fún ọ?"

"Kò sọ."

"Mo mọ̀ pé kò ní sọ."

Ó yẹ kí inú Aránṣọ dùn bó ti ń lọ. Ọkùnrin tí wọ́n fẹ́ fà mọ́ra, tó kọ̀, kí ni obìnrin tún ń wá? Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn tó bó ṣe yẹ. Àṣírí obìnrin mìíràn ti wà lọ́wọ́ Gúnrégé láti ọjọ́ yìí, ó sì ti bò ó dáadáa. Aránṣọ mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí ni. Ó ṣì ń jowú ìwà ọmọlúàbí náà. Nígbà tí Gúnrégé béèrè ohun tí Apòògùn sọ, ó ní, "Ó ti foríjì mí," ó sì pa ìyókù mọ́nú.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìyá dé, Àǹtí tẹ̀ lé e. Ìyá wọ yàrá dé yàrá, ó ń fọwọ́ tẹ ògiri, ó ń ṣí fèrèsé, ó ń tì í. Kò rí àléébù kankan, inú rẹ̀ ò sì dùn sí ìyẹn. Nígbà tó dé ilé ìdáná, ó dúró. Ihò kan wà láàárín òdòdó pupa náà, sìmẹ́ńtì ló hàn nínú rẹ̀.

"Kí ló ṣe eléyìí?"

"Èmi ni, mà," ni Gúnrégé yára wí. "Òòlù ló bọ́ lọ́wọ́ mi."

Ìyá pòṣé. "Oníṣẹ́ tí òòlù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Àbúrò mi, ó ti yé ọ báyìí? Mo ní ilé tó ti parí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ọ̀rọ̀ ọjọ́ di ìgbà mìíràn."

Aránṣọ wo ojú Gúnrégé. Ojú náà pa rọ́rọ́. Ó hàn sí i lójú ẹsẹ̀ pé bó ṣe wò níwájú Apòògùn nìyẹn. Obìnrin á fọ́ táìsì, Gúnrégé á gbà á rù, á sì pa ẹnu rẹ̀ dé títí láé. Bí òun bá dákẹ́ báyìí, wọ́n á dá ọjọ́ náà lọ́jọ́ kan ṣá, ṣùgbọ́n òun á di obìnrin kejì tí Gúnrégé ń bá bo àṣírí. Aránṣọ ò fẹ́ ṣe ẹnì kejì sí ẹnikẹ́ni.

"Irọ́ ló ń pa, Màámi. Èmi ni mo fọ́ ọ."

"Ìwọ?"

"Owú ni. Mo rò pé ojú obìnrin kan ló fi wọn òdòdó yẹn. Ojú ara rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Òun ló fẹ́ máa dáná fún mi, kò sì lè sọ ọ́ nítorí ẹnu yín."

Àǹtí fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá sún mọ́ ògiri, ó ki ìka sínú ihò náà, ó fi í yí etí rẹ̀ ká.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo gbá a?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Nítorí eléyìí?" Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí Gúnrégé.

"Nítorí rẹ̀, Màámi."

Ìyá fa àga, ó jókòó gbì. "Látìgbà tí mo ti bí ọ, mi ò rí ohun tó dùn ọ́ débi tó o fi fọ́ nǹkan. Èyí tó ga bí òpó iná yẹn, nígbà tó já ọ sílẹ̀, ìsọ̀ lo lọ lọ́jọ́ kejì, o ń ránṣọ. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń lé ọ bọ̀ sọ́dọ̀ eléyìí. Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀." Ó fi etí ìborùn nu ojú, ó wá kọjú sí Gúnrégé. "Kí lo fẹ́ sè?"

"Mà?"

"Wọ́n ní ìwọ lo máa máa dáná. Kí lo fẹ́ sè fún wa? Ebi ò ní jẹ́ kí n lè dá ọjọ́ ìgbéyàwó bó ṣe yẹ."

"Kò... kò sí nǹkan nílé, mà."

"Ọjà ńkọ́?"

Gúnrégé já báàgì gbà lára ìṣó, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà. Kò tíì débẹ̀ tí Aránṣọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀ kiri.

"Jókòó ti ìyá rẹ jàre," ni Àǹtí wí. "Ọjà ò jìnnà, ó sì mọ̀nà."

"Mo mọ̀ pé ó mọ̀nà, Àǹtí mi," ni Aránṣọ wí, ó ti ń so okùn bàtà. "Àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ni mi ò mọ̀."